Àkáǹtì Tèmi Lára Ẹ̀rọ Lọ́yà

Ẹ̀yin Lọ́yà tí mo ránṣẹ́ pè, ẹ jókòó. Ìwọ ọmọ mi, má bá mi sunkún mọ́. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa bá a. Tèmi ti bá mi lórí bẹ́ẹ̀dì yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ohùn mi tó lọ.

Lọ́yà, èmi ni mo to ẹ̀rọ tí ẹ ń kó fáìlì sí, èyí tó wà lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù ní ọ́fíìsì yín, kí ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin tó sá fún ọkọ wọn má baà bọ́ sọ́wọ́ àjèjì. Ẹ̀rù iná ló jẹ́ kí ẹ gbà pé kí n so ó mọ́ ibi ìpamọ́ kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àkáǹtì yín kò tíì ṣí, mo bá fi tèmi dán an wò. Nígbà tó yá mo so tiyín, ṣùgbọ́n n kò yọ tèmi. Mo ní màá yọ ọ́ lọ́la. Irọ́ ni. Ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ ti ń dùn mọ́ mi. Gbogbo ohun tí akọ̀wé yín bá tẹ̀ ló ń yọ́ wá bá mi nílé.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ti sá lọ nígbà náà, tòun ti ọmọ. Ẹ̀gbọ́n mi ti lù ú títí eyín fi jáde lẹ́nu rẹ̀. Ojú wa ló ṣe, a ní ọ̀rọ̀ lọ́kọláya ni. Ìyàwó náà nìkan ló máa ń pè mí ní Jẹ́jẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, fáìlì rẹ̀ yọ sí mi. Ojú ewé àkọ́kọ́ ni mo kà: àdírẹ́sì ibi tí ẹ fi í pamọ́ sí. Ẹ̀gbọ́n mi wà ní pálọ̀ mi, ó ń sunkún, ó ní òun kàn fẹ́ lọ bẹ̀ ẹ́ ni. Èmi tí mo mọ ọwọ́ rẹ̀ kò gbà á gbọ́. Síbẹ̀ mo fún un ní àdírẹ́sì náà.

Ọ̀bẹ ló fi bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi wà lẹ́wọ̀n dòní lórí ikú rẹ̀, kò sì dárúkọ mi rí.

Ẹ pè mí kí n wá ibi tí ọ̀rọ̀ ti jò. Mo jókòó lórí àga yín, mo yọ àkáǹtì mi kúrò, mo ní akọ̀wé yín ló fi fáìlì ránṣẹ́ síta. Ó kúnlẹ̀ fún mi. Ó ní, “Bọ̀dá, ẹ tún un wò, ẹ jọ̀ọ́.” Mo ní ẹ̀rọ kì í parọ́. Ẹ sì lé e.

Mo délé, mo fẹ́ pa fáìlì náà rẹ́. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ojú ewé kejì. Ohun tó sọ fún yín nìyí: “Ẹ má sọ ibi tí mo wà fún ará ilé ọkọ mi kankan. Bí nǹkan bá ṣe mí, ẹ wá Jẹ́jẹ́, kí ẹ fa ọmọ mi lé e lọ́wọ́. Òun kò lè ta mí.”

Ọmọ náà ló mọ ilé Jẹ́jẹ́, òun ló mú yín wá sọ́dọ̀ mi. Nígbà tí ẹ rí i pé èmi ni Jẹ́jẹ́, ẹ ní Ọlọ́run ló ṣètò rẹ̀.

Lọ́yà, ẹ bá mi wá akọ̀wé yín rí, kí ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Ọmọ mi, ìwọ ni ọmọ náà; mo tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n n kò ní bi ọ́ bóyá o gbà. Láti àárọ̀ lo ti ń bá mi fọwọ́ ra ẹsẹ̀. O lè gbé ọwọ́ kúrò báyìí.