Fúláàṣì Inú Àpò Fúnṣọ́

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Irọ́ Fúnṣọ́ kò tilẹ̀ rìn jìnnà. Kí ìkórè tó dé ni òtítọ́ lé e bá nínú ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní àdúgbò Bertrams, lójú gbogbo ìjọ.

Nígbà ẹ̀rí ló dìde, ó tún sùtánà rẹ̀ ṣe. Inú rẹ̀ ń dùn, torí ẹrù fẹ́ kúrò lórí rẹ̀. "Ẹ̀yin ará, ẹ̀rí kọ́ ni mo wá jẹ́ o, ẹ̀ṣẹ̀ ni mo wá jẹ́wọ́. Èmi ni mo ń da kọ̀ǹpútà ìjọ láàmú."

Kò sí ẹni tí kò mọ wàhálà kọ̀ǹpútà yẹn. Bí Ìbídùn, akọ̀wé ìjọ, bá ti fẹ́ ṣí ètò tí wọ́n kó orúkọ àti ọjọ́ ìbí gbogbo ọmọ ìjọ sí, ètò náà á ní òun ò rí fóódà tí òun ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ìyá Ìjọ, Ìyá Àbísóyè, wọ́n omi àdúrà sí i títí, ọpẹ́lọpẹ́ pé omi ò wọnú ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí Fúnṣọ́ bá ti Midrand, ìlú tó ń gbé, dé lọ́jọ́ Sátidé, tó bọ́ bàtà, tó wọ ọ́fíìsì, kíá ló ti ṣí. Wọ́n ní ó ní oore-ọ̀fẹ́. Ọ̀gbẹ́ni náà á sì máa mi orí, olè tó ń bá olóko wá olè.

"Èmi ni mo ní kí ètò yẹn máa wá fóódà nínú fúláàṣì mi, mo sì ń gbé fúláàṣì lọ. Tí mo bá dé, mo kàn máa ń tì í bọ kọ̀ǹpútà ni. Sister Ìbídùn á ní, 'Eish, Búrọ̀dá Fúnṣọ́, ẹ tún máa wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ o.' Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ náà nìyẹn."

Ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Fúnṣọ́ ò rẹ́rìn-ín, torí kò tíì débi tó burú jù. "Lọ́jọ́ Sunday tó kọjá, Mọ́mì, Ìyá Ìjọ wa, ní nǹkan burúkú ń bẹ lọ́wọ́ Ìbídùn tó ń da kọ̀ǹpútà rú. Wọ́n ní kó gbààwẹ̀, pé tí kò bá dáa, ẹlòmíì á gbaṣẹ́ ẹ̀. Mo gbọ́, mo dákẹ́. Mo tún ṣe àmín. Ìbídùn, jọ̀ọ́, forí jì mí."

Ìbídùn dìde.

"Mọ́mì, èmi náà jẹ̀bi. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí ohun tó ṣe, tí mo sì ti tún un ṣe. Ní gbogbo Friday ni mo máa ń dá a padà síbi tó yí i sí, kó lè kọ̀. Bí kò bá kọ̀, kí ló máa gbé Búrọ̀dá Fúnṣọ́ dé láti Midrand? Mo gba ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ yẹn mọ́ra torí mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó lè sọ òótọ́ nítorí mi."

Ìyá Àbísóyè bọ́ awò ojú wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ gbọ́ o. Ẹni tó bá rí ọmọbìnrin tó wù ú, ẹnu ni kó fi sọ ọ́, kó fi kọ̀ǹpútà Ọlọ́run sílẹ̀. Ààwẹ̀ yẹn ṣì dúró, ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa gbà á. Ìwọ Fúnṣọ́, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá máa ṣínu, kó àwọn èèyàn rẹ dání. Ilé bàbá Ìbídùn lẹ ti máa ṣínu."

Ìjọ ṣe àmín. Ti Fúnṣọ́ ló lọ sókè jù, òun nìkan ló sì ń ṣe é lọ nígbà tí gbogbo wọn ti jókòó.