Ẹ̀yìn Ọ̀pọ̀lọ́ Tí Mo Pè Ní Ẹ̀yìn Ìyá Ògúnwálé

Ẹ̀yin tí ẹ ó ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá orúkọ mi. Akọ̀wé ni wọ́n ń pè mí ní Ẹdẹ, ìyẹn náà sì tó. Mo fi irọ́ lé obìnrin kan kúrò nílé rẹ̀ nígbà tí irun orí mi ṣì dú. Mò ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé obìnrin náà ti ń kú lọ, àwọn ará ilé rẹ̀ sì fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi lọ́la.

N kò fẹ́ kí ẹ rò pé ọkàn mi ti ń dà mí láàmú láti ìgbà náà. Mo sùn dáadáa fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Iṣẹ́ rélùwéè ni mò ń ṣe nígbà náà. Òyìnbó kan tó ń padà sílé fi kámẹ́rà rẹ̀ tó ti gbó sílẹ̀ fún mi, pẹ̀lú àwọn gíláàsì tí àwòrán máa ń jókòó sí. Kò kọ́ mi ju bí wọ́n ṣe ń ṣí i àti bí wọ́n ṣe ń pa á dé lọ. Èmi ni mo kọ́ ara mi nínú yàrá mi. Gbogbo ará ìlú ló fẹ́ kí n ya àwọn, wọ́n á wọ agbádá, wọ́n á le ojú koko. Kí ló wà lójú wọn tí n kò tíì rí? Nǹkan kéékèèké ni mo fẹ́ yà, bí ẹsẹ̀ eṣinṣin àti ẹnu ìjàlọ.

Kò rọrùn. Bí mo bá sún mọ́ nǹkan náà, gbogbo rẹ̀ á ṣú bàìbàì. Ìgbà tí mo fi okùn so awò tí àwọn arúgbó fi ń kàwé mọ́ ojú kámẹ́rà, tí mo sì fa ara rẹ̀ tó ń ká tó ń na bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ gùn dáadáa, ni kòkòrò bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi. Síbẹ̀, bí orí rẹ̀ bá hàn kedere, ìdí rẹ̀ kò ní hàn. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ pẹ́nrẹ́n, iṣẹ́ ti bàjẹ́. Mo kọ́ bí a ṣe ń gbé nǹkan sẹ́bàá fèrèsé, tí a ń fi aṣọ funfun darí ìmọ́lẹ̀ sí i lára, tí a kò sì ní mí. Ta ló tún lè ṣe é ní Ẹdẹ? Mo mọ̀ pé kò sí, mo sì ń fojú ìyẹn wò wọ́n.

Ògúnwálé alágbẹ̀dẹ, tí ilé wọn kọjú sí tiwa, bá mi níbi tí mo dojú bolẹ̀ tí mò ń ya ìjàlọ. Ìjàlọ wọ inú ṣòkòtò mi, mo fò sókè, mo ń jó kiri. Ó ní, “Akọ̀wé, ṣé o ní kó rẹ́rìn-ín ni, tó fi bínú?” Gbogbo àwọn tó ń kọjá rẹ́rìn-ín títí. Bí wọ́n ṣe ń kí mi nìyẹn láti ọjọ́ náà. Èèyàn tí kò mọ iwájú ìwé yàtọ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀ ló sọ mí di ẹni yẹ̀yẹ́.

Láìpẹ́ sígbà náà, mo fi òwú de ọ̀pọ̀lọ́ kan mọ́ pákó, mo ya ẹ̀yìn rẹ̀. Kókó lórí kókó ló jáde. Ẹni tí kò bá sí níbẹ̀ kò lè mọ ohun tó jẹ́.

Ògúnwálé ń fẹ́ Àbẹ̀kẹ́ nígbà náà. Ẹ mọ̀ pé a kì í fọmọ fún ará ilé kan láìwádìí bóyá wèrè, wárápá tàbí ẹ̀tẹ̀ wà nínú ẹbí wọn. Bàbá Àbẹ̀kẹ́ wá bá mi. Ó ní, “Akọ̀wé, ọmọ mi, ìwọ àtàwọn ará ilé Ògúnwálé lẹ jọ kọjú síra. Ṣé kò sí àìsàn tí wọ́n ń fi pamọ́ nílé yẹn?”

Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo gbé àwòrán ọ̀pọ̀lọ́ jáde. Mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Ẹ̀yìn ìyá Ògúnwálé nìyí.”

Ó dorí àwòrán náà kodò, ó sì ń wò ó bẹ́ẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló pè é ní ẹ̀tẹ̀. Ó gbà pé ẹ̀rọ òyìnbó kì í purọ́, àwọn tó sọ ọ́ fún sì gbà á gbọ́, nítorí náà kò sí ẹni tó lọ wo ẹ̀yìn obìnrin tó ń kọjá níwájú wọn lójoojúmọ́. Òmùgọ̀ pọ̀ nílùú yìí, èmi tí mo fi ìwà wọn ṣayọ̀ ni mo sì burú jù. Bàbá náà pa orúkọ mi mọ́. Ó ní ojú òun lòun fi rí i.

Ìgbéyàwó bàjẹ́. Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọṣẹ dúdú ni ìyá Ògúnwálé ń ṣe tà, ta ni yóò tún rà á? Àwọn àgbà ilé ní kó lọ máa gbé inú ahéré kan lẹ́yìn Sẹ̀kọ̀nà.

Kó tó lọ, ó wá bá mi. Ó ní, “Akọ̀wé, ọmọ mi, wọ́n ní ẹ̀rọ rẹ ń rí ohun tí ojú kò rí. Bá mi ya ẹ̀yìn mi, kí n fi hàn wọ́n.” Ó tú aṣọ, ó kẹ̀yìn sí fèrèsé. Mo yà á. Ẹ̀yìn rẹ̀ jọ̀lọ̀, kò ní àbàwọ́n kankan. N kò tíì ya àwòrán tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Bí wọ́n bá rí i, wọn yóò bi bàbá Àbẹ̀kẹ́ ibi tó ti rí ẹ̀tẹ̀, yóò dárúkọ mi, Ògúnwálé yóò sì tún fi mí rẹ́rìn-ín. Mo fọ́ gíláàsì náà. Mo sọ fún ìyá náà pé oòrùn ló bà á jẹ́. Ó dúpẹ́, ó ní Elédùmarè yóò san án fún mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣépè.

Ògúnwálé wá sílé mi lánàá. Ó ti darúgbó. Ó ní, “Ìyá mi ní ilé làwọn fẹ́ kú sí.” Àwọn àgbà kọ̀, wọ́n ní inú igbó là ń sin adẹ́tẹ̀ sí. Bàbá Àbẹ̀kẹ́ ti kú tipẹ́. Ògúnwálé bẹ̀ mí kí n wá sọ fún àwọn àgbà ohun tí mo rí lára ẹ̀yìn ìyá òun lọ́jọ́ tí mo yà á.

Bí mo bá ní ó mọ́, wọn yóò bi mí ìdí tí mo fi dákẹ́ títí di òní. N kò ní èsì kankan àfi òótọ́. Mo sì tún fẹ́ lọ sí Sẹ̀kọ̀nà lónìí, kí n dọ̀bálẹ̀ fún ìyá náà kó tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi ní ohun tí màá sọ. Yóò kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀, yóò sì tún dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.