Lẹ́tà Kan Ṣoṣo Ni Mo Yí Padà

Ní ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú, kí ọdún 1980 tó dé, mo jẹ́ tíṣà ní Odò-Ọ̀wà… Fúnmi ọmọ ọmọ mi, o bi mí bóyá orin inú àwo àtijọ́ yẹn jẹ́ àdàkọ orin ìkórè mi. Jókòó dáadáa. Èmi kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ìyá rẹ.

Ilé Ìyá Bọ́lá ni mo ń gbé. Ní àràárọ̀, bí ó bá ń bó ẹ̀gúsí, ó máa ń kọrin pé: "Ayọ̀ mi, dìde, ulẹ̀ ti mọ́." Gbọ́, "ulẹ̀" ni àwa ará agbègbè yìí ń pe ilẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ òde òní kò tilẹ̀ sọ ọ́ mọ́. Orin náà wọ̀ mí lára. Mo kọ ọ́ sínú ìwé. Mo yí "ulẹ̀" padà sí "ilẹ̀", nítorí pé tíṣà ni mí, Yorùbá tí ó dá ṣáká ni mo fẹ́. Lẹ́tà kan ṣoṣo! Mo sì kọ orúkọ ara mi sí abẹ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé iṣẹ́ mi lọ sí ìlú Òsì, mo fi kọ́ ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa. A fi jó ní ọjọ́ ìkórè. Wọ́n ń pè mí ní Tíṣà Olórin… inú mi sì ń dùn.

Kò pẹ́, ọ̀dọ́mọkùnrin olórin kan gbé e jáde nínú àwo. Gbogbo ọkọ̀ tí ó ń lọ sí Ìlọrin ni ó ń lù ú. Mo tẹ́tí sí i. "Ulẹ̀" ni ó pè. Ṣé ẹni tí ó da tèmi kọ ni yóò pe "ulẹ̀"? Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé kì í ṣe ọ̀dọ̀ mi ni ó ti gbọ́ ọ. Síbẹ̀, mo wá a lọ sí Ararọ̀mí-Ọ̀pin.

"Olè orin ni ọ́!"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Háà, Tíṣà! Ìyá kan ní Odò-Ọ̀wà ni mo tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Orúkọ wọn wà lẹ́yìn àwo. Ẹ̀yin ńkọ́, ọwọ́ ta ni ẹ ti tọrọ tiyín? Ẹ jẹ́ ká lọ bá wọn."

A lọ. Ìyá Bọ́lá gbọ́ tẹnu wa tán, kò gbé ojú kúrò lára ẹ̀gúsí.

"Tíṣà, Ayọ̀ ni orúkọ ọmọ mi. Òun ni mo bí ṣáájú Bọ́lá. Mo jí i láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò dìde." Ó mú ẹ̀gúsí mìíràn. "Ìwọ, kí ni o ń fi orin náà ṣe?"

Kí ni kí n wí? Pé à ń jó sí i? Mo ní: "Ìkórè ni, Ìyá."

"Ó dáa," ni ó wí. Èmi kò tọrọ àforíjì. Mo kí i, mo jáde.

Nígbà tí Ìyá Bọ́lá kú, ẹgbẹ́ akọrin mi ni wọ́n pè. Àwọn èèyàn ní kí a kọ orin Tíṣà. Mo dúró, mo ń fi ọwọ́ darí wọn… wọ́n ń kọ "Ayọ̀ mi, dìde" lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí, wọ́n ń jó. Bọ́lá súnmọ́ mi, ó rọra sọ̀rọ̀: "Tíṣà, ṣé ẹ kò tíì sọ fún wọn pé orin ìyá mi ni?"

Mo ń darí orin lọ.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, fóònù lásán ni ẹ fi ń gba ohùn ẹlòmíràn. Ẹ máa bèèrè ẹni tí ó ni ín. Ẹ máa bèèrè ohun tí ó ṣe é tí ó fi kọ ọ́. Títí di òní, bí ọkọ̀ bá ń gba Odò-Ọ̀wà kọjá, ẹsẹ̀ mi ni mo máa ń wò títí a ó fi jáde nínú ìlú.