Agboòrùn Tí Wọ́n Ṣi Ọjọ́ Orí Rẹ̀ Kà

Tú ọwọ́ rẹ kúrò lọ́rùn mi! Kí lo ń wẹ̀yìn sí, ta lo rò pé ó ń sọ̀rọ̀? Èmi agboòrùn yín ni, èmi tí o há sí abíyá wá sí ààtàn. Háà, ayé mà le o! Bàbá rẹ ò lè gbé mi wá fúnra rẹ̀, ìwọ àbígbẹ̀yìn ló rán!

Jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ jàre, ọgọ́rùn-ún ọdún ni mo ti panu mọ́. Ṣebí ẹ mọ̀ nílé yín pé ohun èlò tó bá pé ọgọ́rùn-ún ọdún á lajú, á sì sọ̀rọ̀? Ìdí tí ẹ fi ń kó wa dà nù nìyẹn bó bá ti ku oṣù díẹ̀, kí ẹnikẹ́ni wa má baà lẹ́nu láti bi yín léèrè ohunkóhun. Àmọ́ ẹ ṣìṣirò! Ọjọ́ tí bàbá-ńlá rẹ rà mí lẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Oṣù mélòó ni mo ti fi rọ̀ sí ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ṣe mí? Mẹ́ta gbáko! Àárọ̀ yìí ni mo pé, ojú mi kan ṣoṣo sì là lábẹ́ abíyá rẹ.

Ta ló gba òjò fún ìyá rẹ lọ́jọ́ tó ń rọbí rẹ lọ sílé ìgbẹ̀bí? Egungun mi mẹ́ta ló kán lọ́jọ́ náà, wọ́n fi wáyà dì í, mi ò ráhùn. Lórí ẹsẹ̀ kan ni mo ń dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn yín, mi ò ráhùn. Kí ọkọ̀ akólẹ̀ wá rún mi wómúwómú ni ẹ̀san mi!

Ìwọ gan-an lo dùn mí jù. Ìwọ tí gbogbo ilé ń pè ní Ajàfẹ́tọ̀ọ́! Ṣebí abẹ́ mi lo dúró sí lọ́sẹ̀ tó kọjá níwájú ilé-iṣẹ́ aláṣọ, tí o gbé páálí dání, tí o ń pariwo pé ìwà ìkà ni kí wọ́n máa lé òṣìṣẹ́ nígbà tó bá ku oṣù díẹ̀ kó pé ọdún tí òfin ò ní jẹ́ kí wọ́n lè lé e mọ́? Èmi ni mo ṣíji bo páálí yẹn kí íǹkì rẹ̀ má baà ṣàn! Lónìí ńkọ́?

Má sọ fún mi pé wọ́n rán ọ ni. Ohun tí máníjà ilé-iṣẹ́ aláṣọ ọ̀hún náà sọ fún yín nìyẹn.

Ẹ̀n-ẹ́n, ọkọ̀ akólẹ̀ ló ń dún yẹn. Gbé mi, yí padà! Ṣé o mọ àga onígi tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín, èyí tí wọ́n ní kí o gbé wá lọ́la? Àwa ohun èlò ń ka ọjọ́ orí ara wa; ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án péré kó pé. Gbogbo àṣírí ìdílé yín, orí rẹ̀ ni wọ́n jókòó sí tí wọ́n fi ń sọ ọ́. Gbé e wọ yàrá rẹ, ti ilẹ̀kùn, kí o jókòó tì í títí yóò fi lanu.

Mo ní tì í o! Tí o bá tún jókòó lé e, ìwọ ló máa kọ́kọ́ bú.