Àpò Ìrọ̀rí Tí Mo Fọ̀ Mọ́

Ẹ mọ̀ pé ẹnu mi mú bí abẹ. Mi ò bẹ̀rù máníjà, mi ò bẹ̀rù ọlọ́pàá. Lónìí, ara mi ni mo fẹ́ fi ẹnu náà gé, nítorí ohun tí mo gbé mì lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn kò tíì dà nínú mi.

Èmi àti ìyàwó àbúrò mi olóògbé la jọ ń ṣiṣẹ́ ní yàrá ìfọṣọ òtẹ́ẹ̀lì kan. Àwọn àlejò tó ń sọ èdè Sípéènì pọ̀ níbẹ̀, ni máníjà bá ní ẹni tó bá gbọ́ ọ jù nínú wa yóò bọ́ sí ìdí tábìlì ìgbàlejò, yóò sì gba yàrá méjì lókè. Yàrá yẹn ni ìyàwó ń wá. Ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà, wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà, ìyá tó bí ìyàwó, lọ́nà jíjìn. Ibi tí à ń sùn nísàlẹ̀ kò gba ọmọdé. Èmi ò wọ kíláàsì rí. Ìwé àlòkù ni mo fi kọ́ ara mi, mo sì ń kọ́ òun náà. Ọ̀rọ̀ ohun tí èèyàn ń ṣe lónìí rọrùn fún un. Ti àná ló ń bá a jà, àwọn alágídí tí kì í tẹ̀lé òfin: hice, ìyẹn mo ṣe é; tuve, mo ní; dije, mo sọ. Ó ní, "Àǹtí mi, ṣé ilé ire la ti bí àwọn wọ̀nyí? Kò sí èyí tó jọ bàbá rẹ̀!" A rẹ́rìn-ín títí aṣọ fi jóná lábẹ́ áyọ́ọ̀nù. Ó wá fi yíǹkì kọ gbogbo wọn sára àpò ìrọ̀rí tó ti ya, ó fi ìṣó kọ́ ọ síwájú tábìlì ìlọṣọ rẹ̀. Bó ṣe ń lọṣọ ló ń kà á. Kò pẹ́, ó fẹ́ máa sọ ọ́ já gaara ju èmi olùkọ́ lọ. Ìlara, ẹ̀yin èèyàn mi! Ẹni tí mo fọwọ́ ara mi gbé gun ẹṣin ló ń ta eruku sí mi lójú.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ìdánwò dé. Mo kọ́kọ́ parọ́ fún un pé ìwé àlòkù náà ti sọnù. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ló wà. Nígbà tí ìyàwó lọ jẹun ọ̀sán, mo já àpò ìrọ̀rí náà lára ìṣó, mo jù ú sáàárín aṣọ funfun, mo da blíìṣì sí i. Mo dúró ti ẹ̀rọ títí ó fi yí tán. Ó mọ́ bí ẹyin. Ìyàwó dé, ó tú gbogbo apẹ̀rẹ̀ ká. "Yéè! Èmi ni mo kó o mọ́ aṣọ! Orí mi ò pé!" Ara rẹ̀ ló ń bú. Ó kúnlẹ̀: "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà wọ́n fún mi kí n tún un kọ." Gbogbo rẹ̀ wà lórí mi bí orúkọ ara mi. Mo wojú rẹ̀, mo ní, "Àgbà ti dé, ìyàwó. Mo ti gbàgbé." Jíjá aṣọ lára ìṣó kéré o, ibẹ̀ yẹn gan-an ni mo ti jalè.

Lọ́jọ́ ìdánwò, máníjà bi í ní èdè ọ̀hún pé kí ló ṣe lánàá. Omijé ló fi dáhùn. Bó ṣe jáde, ó dì mọ́ mi: "Ẹ má banújẹ́, Àǹtí mi. Bó bá bọ́ sọ́wọ́ yín, ilé wa náà ló ṣì wà." Èmi ni mo bọ́ sí ìdí tábìlì, èmi ni mo gba yàrá méjì, ọmọ sì wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà síbẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó fi fóònù sórí sípíkà kí n lè kí ọmọ rẹ̀. Ọmọ ti pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìyàwó ló kọ́kọ́ kí i. Ọmọ dá ìyá tó bí i lóhùn, ó ní, "Ẹ káàsán, mà. Ṣé ẹ fẹ́ bá màmá mi sọ̀rọ̀ ni?" Ìyá àgbà ló ń pè ní màmá. Ìyàwó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi, bá mi pè wọ́n."

Ìyàwó, máníjà ti gbọ́ òtítọ́ lẹ́nu mi. Mo ti kó jáde. Kọ́kọ́rọ́ yàrá wà lórí tábìlì ìlọṣọ rẹ, òun àti ìwé tí mo ní ó sọnù. Dárí jì mí, ṣùgbọ́n bú mi ná. Ó tọ́ sí mi. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má fi ẹ̀kọ́ du ẹni tó fọkàn tán yín, ọdún tí ẹ bá gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ṣeé dá padà. Nínú gbogbo àwọn alágídí wọ̀nyẹn, hice ni mo kọ́kọ́ mọ̀, òun sì ni ẹnu mi kọ̀ láti sọ fún ọdún mẹ́sàn-án. Èmi ni mo ṣe é.