Ẹ̀wà tí Adéọlá Sè fún Wa

Wọ́n tún ti pe Adéọlá ní onírọ́ o. Níṣojú mi báyìí ni Ọ̀gá sọ ọ́, mo sì dákẹ́ bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu mi. Tí mi ò bá sọ ọ́ lónìí, mo máa ya wèrè.

Ìbejì ni mí. Táyé lorúkọ mi, Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n mi. Ìyá wa gan-an ṣì máa ń ṣì wá pè.

Ọ̀gá kan ló wá ṣí sàìbà káfè sí Ìkẹ́rẹ́ níbí. Mi ò lọ síléèwé kọ̀ǹpútà kankan, wíwò ni mo wò ó títí mo fi mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá wá ń wá ẹni tó máa bá a jókòó ti ṣọ́ọ̀bù, tí òun á máa sanwó fún, tó sì máa kọ́ iṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní kí àwa tá a fẹ́ ẹ wá ta géèmù káàdì kan lórí ìńtánẹ́ẹ̀tì. Gbogbo káàdì á dojú bolẹ̀, wàá máa ṣí wọn ní méjì méjì. Tí méjèèjì bá jọra, wọ́n á dúró. Tí wọn ò bá jọra, wọ́n á tún dojú dé. Aago sì ń sá lọ lókè. Ẹni tó bá yára jù ló máa mú.

Adéọlá, ọmọ ìyá tó ń yan gààrí lẹ́yìnkùlé wa, yára ju gbogbo wa lọ. Nígbà tó kàn mí, mo ṣi káàdì kan ṣí, inú bí mi, mo gbá máòsì mọ́ tábìlì. Aago tán.

Ó wá ku Kẹ́hìndé. Òun ló sì nílò iṣẹ́ yẹn jù, torí àìsàn àyà ẹ̀ ò jẹ́ kó lè ṣiṣẹ́ oko. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ń fà, Ọ̀gá kàn dá géèmù tèmi padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ni, àwọn káàdì ò kúrò níbi tí wọ́n wà. Mo rí i, mo sì ti mọ ibi tí púpọ̀ nínú wọn wà. Mo sọ fún Kẹ́hìndé pé ká lọ tọ̀. A pààrọ̀ bùláòsì lẹ́yìn ilé.

Èmi ni mo wọlé bíi Kẹ́hìndé. Mo ṣí gbogbo ẹ̀ tán, aago ò tíì dé ìdajì.

Adéọlá wo ọwọ́ mi. Ó ní, "Táyé nìyí. Ẹni tó gbá máòsì lẹ́ẹ̀kan ló tún jókòó yìí."

Mo fọ́ ọ létí. Ẹ jọ̀ọ́, òótọ́ tó sọ ló bí mi nínú.

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù gbè mí. Wọ́n ní ó ń jowú ìbejì, Ọ̀gá sì gba Kẹ́hìndé síṣẹ́. Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà lèmi àti ilé wọn ń lọ o, àmọ́ ẹ̀yin náà mọ bí àwọn ìyá wa ṣe ń bẹ̀rù ìbínú ìbejì. Ilẹ̀ mọ́, ìyá ẹ̀ mú un wá, ó ti ní kó se ẹ̀wà fi bẹ̀ wá. Adéọlá kúnlẹ̀, abọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ìyá ẹ̀ ní, "Ẹ̀jìrẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìbínú wọ ulé mi o."

Adéọlá ò sunkún. Ó kàn ń wò mí. "Táyé, ṣé iyọ̀ ẹ̀ tó?"

Kò ṣì mí pè. Kò ṣì mí pè rí.

Mo ní ó tó. Kẹ́hìndé ò lè gbé e mì. Èmi jẹ tèmi, mo jẹ tiẹ̀ mọ́ ọn.

Ní báyìí, Ọ̀gá fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù míì sí Adó. Adéọlá wá bẹ̀ ẹ́ fún iṣẹ́ níbẹ̀. Ọ̀gá ní, "Ìwọ tóo purọ́ mọ́ ìbejì? Kí n gbé ṣọ́ọ̀bù mi lé onírọ́ lọ́wọ́?" Ó wẹ̀yìn wò mí níbi tí mo jókòó ti Kẹ́hìndé. Mo dorí kodò.

Mo sọ fún Kẹ́hìndé pé mo fẹ́ jẹ́wọ́. Kò bá mi jà. Ó kàn bi mí pé tí Ọ̀gá bá lé òun, kí la ó fi máa ra oògùn òun?

Lọ́la ni Ọ̀gá máa mú ẹlòmíì sí ti Adó. Kẹ́hìndé lọ ra epo jẹnẹrétọ̀, orí kọ̀ǹpútà tá a fi ta géèmù yẹn náà ni mo ti ń tẹ èyí. Adéọlá, má bínú. Mi ò tíì láyà láti kúnlẹ̀ fún ẹ bóo ṣe kúnlẹ̀ fún mi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Tó bá jẹ́ ẹni tẹ́ ẹ jọ sùn nínú ikùn ìyá kan náà niṣẹ́ máa bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, tẹ́ ẹ sì ti jẹ ẹ̀wà ẹni tó sòótọ́, ṣé ẹ̀yin máa dákẹ́?