Ọwọ́ Ìyá Sìfáwù Kì í Ṣe Ọwọ́ Alágbe

Ìyá Sìfáwù ni a ṣẹ̀, ní oṣù Disẹ́ńbà èṣí, ní Bosso níbí, nínú ìlú Minna. Ẹ má wá ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́ lọ jìnnà, èmi ni. Èmi tí mo gbé páálí sókè nítorí omi ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ọgbà yunifásítì wa ní Gidan Kwano, èmi tí mo pariwo pé kí wọ́n má fìyà jẹ mẹ̀kúnnù mọ́ títí ohùn mi fi há, èmi náà ni mo fi fóònù sọ àgbàlagbà tó fẹ́ràn mi di alágbe lójú ayé. Ilẹ̀kùn rẹ̀ tó dojú kọ tiwa ti wà ní títì láti ìgbà náà. Bí obìnrin kan bá wúkọ́ lójú ọ̀nà, n óò sáré yọjú. Kì í ṣe òun. Ẹ̀yin ènìyàn mi, àárò rẹ̀ ń sọ mí!

Láti Ìlọrin ni wọ́n ti fẹ́ ẹ wá sí Minna, kí wọ́n tó bí ìyá mi pàápàá. Ọkọ rẹ̀, àlùfáà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú, ti kú tipẹ́, Sìfáwù, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, sì wà nílé ọkọ ní Ìlọrin. Àwa tí wọ́n bí sí Minna, Hausa ló yọ̀ lẹ́nu wa ju Yorùbá lọ, òun ló fi sùúrù tún ẹnu mi ṣe. Bí mo bá kí i pé "Ina kwana", á ní, "Mi ò gbọ́ o. Ṣé ọrùn rẹ ló gan ni, àbí orúnkún ń dùn ọ́?" Ìgbà tí mo bá kúnlẹ̀, tí mo kí i bí ọmọ Yorùbá, ni yóò tó fi oríkì pè mí, orí mi á wú. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, á dín wáínà, àkàrà ìrẹsì àwọn Hausa, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa pín in fún àwọn ọmọ kéwú. Sàráà tó ń ṣe nítorí ọkọ rẹ̀ nìyẹn, kì í sì í bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Bí obìnrin kan bá kú ládùúgbò, òun ni wọ́n ń pè láti wẹ òkú rẹ̀, kì í gba kọ́bọ̀. Á ní, "Ṣé kí n máa bá òkú ná ọjà ni?" Á sì rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo sin ìlú tán tí n kò ríṣẹ́, mo yọ̀ǹda ara mi fún ẹgbẹ́ kan tó ń ran àwọn opó lọ́wọ́. Ìparí ọdún ni ìkórè irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Láàárín ọdún, ẹ ó pe olówó títí, kò ní gbé fóònù. Ṣùgbọ́n bí Disẹ́ńbà bá ti wọlé, ọkàn á rọ̀, àwọn tó wà lókè òkun á rántí ilé. Àwọn ọ̀dọ́ náà á ya wọ ọ́fíìsì, wọ́n á wọ ẹ̀wù ẹgbẹ́, wọ́n á dì mọ́ àpò ìrẹsì ya fọ́tò. Tó bá di Jánúárì, ẹ ò ní rí ẹyọ kan nínú wọn. Ọ̀gá wa, obìnrin tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí, ní ọ̀nà ìtọrẹ ti yí padà. Ó ní tẹ́lẹ̀, ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí làwọn ti ń gba ọrẹ, ṣùgbọ́n inú fóònù ni gbogbo rẹ̀ wà báyìí, bí ojú ènìyàn kò bá sì rí ẹni tí ìyà ń jẹ, ọwọ́ rẹ̀ kò ní lọ sápò. Ó wá ní olùyọ̀ǹda tí àwòrán rẹ̀ bá fa ọrẹ wá jù lọ lòun máa gbà síṣẹ́. Iṣẹ́! Ẹ̀yin tí ìwé ẹ̀rí yín ń bẹ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn máa ń ṣe nínú ẹni.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, mo lọ fi fóònù ya Ìyá Sìfáwù, tí mò ń pè ní Màmá, níbi tó ti ń pín wáínà. "Yà mí dáadáa o," ó wí, "kí eyín mi tó kù hàn." Mo fi àwòrán náà han Àǹtí. Ó ní, "Haba! Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín, tó gbé àwo oúnjẹ sẹ́sẹ̀, ta ni yóò ṣàánú rẹ̀? Wá òmíràn." Òmíràn wà. Nínú rẹ̀, Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi wáínà tó kẹ́yìn sínú abọ́ ọmọ kan ni, ọwọ́ rẹ̀ ṣì nà, òòrùn sì mú kó fún ojú pọ̀. Mo gé ọmọ náà kúrò. Mo gé abọ́ kúrò, mo gé àwo wáínà kúrò. Ó wá ku arúgbó kan tó fún ojú pọ̀, tó na ọwọ́ òfìfo. Mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Opó yìí kò ní ẹnìkan. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó fi ebi parí ọdún." Àǹtí fò sókè. "Kai! Èyí gan-an ni!" Ṣé mo bi Màmá? N kò bi í. Mo ní ṣebí ọmọ rẹ̀ ni mí. Mo tilẹ̀ ń dá ara mi nínú dùn pé wọn yóò fún un ní ìrẹsì, pé oore ni mo ń ṣe.

Bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Ọrẹ rọ́ wọlé bí òjò, àwòrán náà sì rìn láti fóònù dé fóònù títí ó fi dé Ìlọrin. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí àbúrò Màmá ọkùnrin fi dé, òun àti Sìfáwù. Ó na fóònù sí mi lójú. "Ìwọ ọmọ yìí, ìwọ lo ní ẹ̀gbọ́n mi ò ní ẹnìkan? Èmi wá ni kí ni? Igi?" Ẹkún ni Sìfáwù ń sun. Àwọn àna rẹ̀ ti bi í bóyá báárà ló fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀ sí. Màmá gba fóònù, ó wò ó títí. Ó kàn bi mí pé, "Ọmọ tí mo fún ní wáínà dà? Níbo lo gbé e sí?" Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin. Àbúrò rẹ̀ ní àwọn kò ní fi í sílẹ̀ kí ayé máa pe àwọn ní ìkà. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n di ẹrù rẹ̀ sínú mọ́tò. Èpè ni mò ń retí. Ohun tó sọ ni pé, "Lọ jẹun. O ti rù."

Ẹgbẹ́ náà gbà mí síṣẹ́. Oṣù mẹ́ta ni mo fi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yọ àwòrán náà, wọ́n ní kò tíì sí èyí tó ń fa ọrẹ bíi tirẹ̀. Mo fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Mo pe Màmá lórí fóònù, mo ní, "Màmá, ẹ máa bọ̀ nílé, ẹ jọ̀ọ́." Ó ní, "Ọjọ́ tí wọ́n bá yọ mí kúrò nínú fóònù ayé, mo ń bọ̀. Ojú wo ni kí n fi wo àwọn tí mo wẹ òkú ìyá wọn, tí wọ́n ń rí mi bí alágbe?"

Disẹ́ńbà tún ti dé. Àwòrán náà kò sí nínú fóònù nìkan mọ́, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ gàgàrà, wọ́n gbé e kọ́ sí ojú títì Bosso, ibi tí kẹ̀kẹ́ tí mò ń wọ̀ gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí Màmá, n kò sì rí i. Láàárọ̀ Jímọ̀, mo ṣì máa ń jí, n óò máa fi imú wá òórùn wáínà. Níkẹyìn, mo lọ bá Àǹtí ní ọ́fíìsì. Àwọn olùyọ̀ǹda tuntun jókòó yí i ká, wọ́n ń ṣa fọ́tò. Mo ní, "Àǹtí, èmi ni mo gé e, èmi ni mo parọ́, n óò sì sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ yọ àwòrán Màmá kúrò, kí ẹ sì sọ fáráyé pé obìnrin náà kì í tọrọ, ó ń fúnni ni." Kò gbé ojú kúrò lára fóònù rẹ̀. Mo dúró títí wọ́n fi lọ jẹun ọ̀sán. Mo kọ lẹ́tà, wọ́n gbà á, wọn ò fèsì. Mo tún kọ òmíràn láàárọ̀ yìí, gbólóhùn kan péré ló wà nínú rẹ̀: Ẹ yọ àwòrán Màmá kúrò.